Ọ̀rọ̀ Tí Ẹ̀mí Kò Sọ

Kò sí ẹni tó ń lọ sí ìjọ náà tí kò mọ káfíńtà tí wọ́n ń pè ní Aríran. Bó bá dìde lójú ìsìn, tó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè díẹ̀ bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ bèèrè ọ̀rọ̀, gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Kì í pariwo, kì í fò sókè. Á kàn wojú ẹnì kan, á ní, "Ìyá, ẹ má sunkún mọ́ nítorí ojú ọmọ yín tó ń dùn ún, Ọlọ́run ti gbọ́." Ìyá yẹn á rọ jọ sórí àga, nítorí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ ojú ọmọ yẹn fún alààyè kankan. Ẹ̀bùn náà kì í ṣe ẹ̀tàn. Ẹni tó bá ní ẹ̀tàn ni, kó lọ bi Pásítọ̀ léèrè, ẹni tó ti gbọ́ ohun tí òun àti Ọlọ́run nìkan jọ mọ̀ láti ẹnu Aríran.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní Ìjì bó bá kọ̀yìn. Bó bá ti bọ́ aṣọ ìsìn, tó wọ ṣòkòtò iṣẹ́, tó sì rí i pé ẹnì kan ti gbé téèpù tó fi ń wọn pákó kúrò níbi tó fi í sí, kí oníkálukú wá ibi forí pamọ́ sí! A kì í purọ́ mọ́ni, kì í na ènìyàn. Ẹnu ló fi ń nà wọ́n. Ẹgba bẹ́ẹ̀ kì í fi àpá sára, inú lọ́hùn-ún ló ń fi í sí.

Ọmọ kan ṣoṣo ni òun àti ìyàwó rẹ̀ bí, obìnrin ni. Aránṣọ ni gbogbo ilé ń pè é láti kékeré, nígbà tó ti ń fi àjákù aṣọ rán ẹ̀wù fún bèbí rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ náà ṣe ìdánwò tó yẹ kó gbé e wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, kò yege. Lọ́jọ́ tí èsì jáde, àlejò kún pálọ̀. Bàbá rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo èsì náà, ó dìde. Lọ́jọ́ náà kò tilẹ̀ pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ tó fi ń jíṣẹ́ Ọlọ́run nínú ìjọ ló fi sọ ọ́: "Ìwọ ọmọ yìí, o ò ní wúlò fún nǹkan kan láyé."

Àwọn àlejò dorí kodò. Ọmọ náà kò sunkún. Ó wọ yàrá, ó kó aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, ó sì gba ilé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lọ, obìnrin agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní àdúgbò kejì. Láti ọjọ́ náà, kò padà wálé.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá wà bẹ́ẹ̀ títí, bí kì í bá ṣe ti Ọjọ́ Ìsinmi kan. Láàárọ̀, Aríran dìde nínú ìjọ, ó wo obìnrin kan tó wá bí àlejò, ó ní, "Ọmọ kan wà nílé yín tó ń fi ìrọ̀rí bo ẹnu sunkún kí ẹ má baà gbọ́. Ẹ lọ gbá a mọ́ra. Ẹ má bi í ní nǹkan kan, ẹ ṣáà gbá a mọ́ra." Obìnrin náà bú sẹ́kún, ìjọ sì pàtẹ́wọ́ fún Ọlọ́run. Nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ délé, Aríran wá jígí ojú rẹ̀ títí, kò rí i. Ìyàwó rẹ̀ ló nu tábìlì, tó gbé jígí náà sórí fìríìjì. Ìjì bá dé. Ó ní kò sí ẹni tó ní làákàyè nínú ilé náà, ó ní òun ò mọ ohun tí òun ń wá tí òun fi lọ gbé aláìgbọ́n sílé.

Ìyàwó rẹ̀ kì í fèsì. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, bí ìjì bá ń jà, ṣe ló máa ń dúró bí ẹni tó ya sábẹ́ òrùlé títí òjò yóò fi dá. Lọ́jọ́ yìí, ó gbé ìdérí ìkòkò sílẹ̀.

"Dádì," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ẹ̀mí tó ń mú yín wọ yàrá oníyàrá, tó ń fi ìrọ̀rí ọmọ ọlọ́mọ hàn yín, ṣé kò mọ ọ̀nà ilé tiwa ni? Ọmọ tiyín ńkọ́? Ta ló ń gbá òun mọ́ra?"

Aríran fa àga. Ó jókòó. Oúnjẹ tutù níwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ kejì, ó ń fá ojú ilẹ̀kùn kan ní ṣọ́ọ̀bù, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó rántí bó ṣe di onígbàgbọ́. Ọ̀mùtí ni tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún Jésù, ọtí kúrò lọ́fun rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fà á tu, kò sì pẹ́ tí ẹ̀bùn náà fi bà lé e. Ó ti rò pé ó parí nìyẹn, bí ẹni tó kun ilé lọ́dà lẹ́ẹ̀kan, tó ní kò ní ṣá láéláé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé e. Ẹ̀bùn, ọwọ́ la fi ń gbà á. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n lè fi í fún ènìyàn. Èso ìwà rere, ara igi ló ti ń jáde, ó sì ń fẹ́ kí igi náà dúró jẹ́ẹ́ fún ẹni tó ń gé ẹ̀ka rẹ̀. Òun kò dúró rí. Ó ti ń ti ìjọ dé ìjọ pín ẹ̀bùn kiri, ilé rẹ̀ ń gbẹ.

Ó gbé ìfági sílẹ̀, ó gbọn ara, ó lọ bá Pásítọ̀.

Pásítọ̀ wà nínú ọ́fíìsì kékeré ẹ̀yìn pẹpẹ, ó ń fi aṣọ nu eruku ara makirofóònù.

"Pásítọ̀, mo wá gba àyè."

"Àyè kẹ̀? Ṣé ẹ ń rìnrìn àjò ni?"

"Rárá o. Mi ò ní dìde jíṣẹ́ nínú ìjọ mọ́, títí ilé mi yóò fi jẹ́rìí mi."

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Pásítọ̀. "Ẹ gbọ́, ẹ̀bùn yẹn kì í ṣe tiyín. Ti ìjọ ni. Ọlọ́run kì í sì í fúnni ní nǹkan tán kó tún wá gbà á."

"Kò gbà á. Èmi ni mo fẹ́ gbé e kalẹ̀, kí n lè fi ọwọ́ méjèèjì tún ilé mi ṣe. Pásítọ̀, bí mo bá kan ilẹ̀kùn tó dáa fún gbogbo àdúgbò, tí ilé tèmi wá ṣí sílẹ̀ gbayawu, kí lẹ máa pè mí?"

"Káfíńtà ni n ó máa pè yín," ni Pásítọ̀ wí, "àmọ́ mi ò ní sùn sílé yín."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ojú Pásítọ̀ yí padà. "Wọ́n á sọ̀rọ̀ o. Wọ́n á ní Ẹ̀mí ti fi yín sílẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Kò ní pa mí lára. Ní tèmi, mo rí i pé ẹsẹ̀ àga púpọ̀ ló ń mì nínú ìjọ yìí. Ẹ jẹ́ kí n máa tún àga ṣe."

Wọ́n sì sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Àwọn kan ní ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ ló dá. Àwọn kan ní ó fẹ́ dá ìjọ tirẹ̀ sílẹ̀ ni. Aríran ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ níbi tó ti dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ àga, tó ń fi ìṣó kan ẹsẹ̀ àga náà mọ́ra. Bí ọ̀rọ̀ bá sì gun ọkàn rẹ̀ lójú ìsìn, tó ń hó bí omi gbígbóná, á lọ sọ ọ́ sétí Pásítọ̀ ní kọ̀rọ̀, Pásítọ̀ á mọ bí yóò ṣe ṣe é.

Ìyàwó rẹ̀ ni Aríran kọ́kọ́ bẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ náà kò gùn, nítorí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ní, "Màmá, mo ti fi ẹnu mi ṣá ọ lọ́gbẹ́. Mi ò fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Àmọ́ mo mọ ara mi, inú á ti bí mi tán kí n tó mọ̀ pé ó ń bí mi. Bó o bá ti gbọ́ tí ohùn mi ń yí, fi tó mi létí."

"Báwo ni n ó ṣe fi tó yín létí? Ṣé kí n ní kí ẹ dákẹ́ ni? Ẹ ò ní dákẹ́."

"Máa kọrin."

"Orin wo?"

"Orin kórin. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, n ó mọ̀ pé èmi lo ń bá wí."

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, obìnrin náà kọrin títí ohùn rẹ̀ fi há. Aládùúgbò tí ògiri kan ṣoṣo là wọ́n láàárín wá kanlẹ̀kùn, ó ní bó bá jẹ́ ìsọjí ló ń lọ lọ́wọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun náà dara pọ̀. Aríran á ti la ẹnu, "Ta ló gbé..." orin á ti ta láti ilé ìdáná. Á pa ẹnu dé, á jáde lọ sẹ́yìn ilé, á dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń bá ọ̀gá rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tó le. "Olúwa, yí mi padà. Mi ò ní kúrò níbí àfi bí O bá yí mi padà." Nígbà mìíràn á wọlé padà pẹ̀lú ìrọ̀rùn ọkàn. Nígbà mìíràn, inú náà á ṣì máa ru, ṣùgbọ́n ẹnu á wà ní pípadé.

Òṣìṣẹ́ kan wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àgbà ọkùnrin tí ìwà rẹ̀ sọ lórúkọ: Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é. Jẹ́jẹ́ kì í kánjú, ṣùgbọ́n ó kánjú lọ́jọ́ kan, ó sì gé pákó tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù kúrú, pákó tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ilẹ̀kùn àbáwọlé fún oníbàárà pàtàkì. Ayùn dákẹ́. Òòlù dákẹ́. Gbogbo wọn ń wo ojú ọ̀gá, ojú ọ̀run ti ṣú. Aríran fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n lára: èébú ti tò sẹ́nu rẹ̀, wọ́n mú ṣámúṣámú bí ìṣó. Ìyàwó rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Ó kọ̀yìn sí wọn, ó lọ dúró lẹ́bàá òkìtì ìyẹ̀fun pákó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn gbígbẹ kọrin fún ara rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó padà wá.

"Jẹ́jẹ́, wọ̀n ọ́n wò. Kí ló lè ṣe?"

"Ó... ó lè ṣe ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀gá."

"Ó dáa, fi í pamọ́ de kọ́bọ́ọ̀dù. Mú pákó mìíràn."

Jẹ́jẹ́ kò mira. "Ọ̀gá, ṣé kò rẹ̀ yín? Ṣé kí n pe ìyàwó yín?"

"Kò rẹ̀ mí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi díẹ̀, kí ọkàn mi lè balẹ̀."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín, ọ̀gá náà kò gbẹ́yìn.

Bóyá ẹ̀rín yẹn ló tàn án jẹ. Ó rò pé òun ti ṣetán. Ní Sátidé, ó wọ aṣọ tó dáa, ó kọrí sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà ló ṣílẹ̀kùn. Obìnrin tó ti gbẹ̀bí ọmọ fún ìdajì ìlú ni, igbe ẹnikẹ́ni kì í bà á lẹ́rù.

"Ọmọ rẹ ní òun ò fẹ́ rí ọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ fún un pé mo ti yí padà."

"Ó ní ẹni tó bá yí padà kì í kéde."

Láti ẹnu ọ̀nà, Aríran ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ ọmọ rẹ̀ nínú yàrá. Kò dáwọ́ dúró rárá, bí ẹni pé ajá kan ló wá sẹ́nu ọ̀nà. Ìró yẹn ló bí i nínú. "Èmi ni mo bí ọ!" ó kígbe gba èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá. "Èmi ni mo dúró síta bí alágbe, tí ìwọ ń ránṣọ! Ọmọ tí kò mọ iyì bàbá..."

Ẹ̀rọ náà dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Aríran," ó ní, "ṣé o rí ara rẹ báyìí?" Ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Ẹlòmíràn ì bá ní ó tán, kí oníkálukú máa bá tirẹ̀ lọ. Aríran rìn délé pẹ̀lú ìtìjú tó wúwo ju àpò irinṣẹ́ lọ, ó jẹ́wọ́ fún ìyàwó rẹ̀, ó sì sọ ohun kan tí obìnrin náà kò gbàgbé. Ó ní, "Bí àga tí mo kàn kò bá gún, mi ò kì í torí rẹ̀ dáná sun ṣọ́ọ̀bù. N ó tú u, n ó tún un kàn."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó padà lọ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ àti àpò irinṣẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò wá rí i. Mo wá tọrọ àforíjì nítorí ariwo tí mo pa níwájú ilé yín. Mo sì rí i pé ilẹ̀kùn yín ń ha ilẹ̀. Bẹ́ ẹ bá gbà mí láàyè, n ó tún un ṣe."

Ẹ̀gbọ́n wo ilẹ̀kùn, ó wo àbúrò rẹ̀. "Ó ti pẹ́ tó ti ń hà. Àmọ́ mi ò ní fún ọ lóúnjẹ o."

"Mo ti jẹun."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Sátidé kan, fèrèsé. Sátidé mìíràn, pẹpẹ ilé ìdáná. Bó bá parí, á gbálẹ̀, á gbé àpò kọ́ èjìká, á dojú kọ ilẹ̀kùn yàrá tó wà ní títì, á ní, "Ọmọ mi, ó dàbọ̀." Ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ló ń dá a lóhùn. Òjò kò dá a dúró, ẹ̀yìn ríro kò dá a dúró. Bí inú bá fẹ́ bí i lójú ọ̀nà, á kọrin. Lọ́jọ́ kan ó ní ó dàbọ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó ti ń bọ́ sí àgbàlá nígbà tí ohùn kékeré kan jáde láti inú yàrá: "Ó dàbọ̀, Dádì."

Ó dúró bí òpó. Nígbà tó délé tó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà bú sórin láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ilẹ̀kùn yàrá náà ṣí sílẹ̀. Ọmọ náà wà nídìí ẹ̀rọ, kò gbójú sókè.

"Ẹ wọlé, Dádì." Bàbá wọlé, ó fi ìdí lé etí àga. "Mi ò ní ṣe ìdánwò yẹn mọ́. Iṣẹ́ aṣọ ni mo fẹ́ ṣe. Àwọn èèyàn ti ń gbéṣẹ́ wá."

Ìgbà yìí ni ọmọ náà tó wá wo bàbá rẹ̀, kì í sì í ṣe ojú rẹ̀ ló wò. Ẹnu rẹ̀ ló ń wò, bí ẹni tó ń wo ajá tó ti gé e jẹ rí. Aríran rí i, ó dùn ún dé egungun. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ yìí ló ti ń rí i nínú ẹ̀wù agbẹjọ́rò. Ó mọ̀ pé ìjì ti mira nínú òun. Ó mí kanlẹ̀. Ojú rẹ̀ bọ́ sí ilẹ̀, níbi tí aṣọ tí ọmọ náà ń gé lọ́wọ́ tẹ́ sí.

"Ṣé orí ilẹ̀ lo ti ń gé aṣọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ̀yìn ò dùn ọ́?"

"Ó ń dùn mí."

"Irú tábìlì wo lo máa fẹ́?"

Ọmọ náà yí àga rẹ̀ kọjú sí i. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ti tábìlì kọ́ ló sọ. Ó ní, "Ẹ gbàdúrà fún mi."

Aríran di ojú. Ó ti pẹ́ tó ti gbàdúrà sókè lórí ẹnikẹ́ni. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni nǹkan náà dé bí í ti í dé tẹ́lẹ̀, jẹ́ẹ́, láyà, bí ìgbà tí ẹnì kan bá tanná sí yàrá. Tẹ́lẹ̀, kì í dúró rò ó. Bó bá ti rí i, á sọ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí ẹ̀rù bà á. Ó yí ọ̀rọ̀ náà wò lọ́tùn-ún, ó yí i wò lósì, ó sì rọra sọ ọ́ bí ìbéèrè.

"Ọmọ mi, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, sọ fún mi pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ kan wà tí mo sọ, tó o rò pé Ọlọ́run ló sọ ọ́?"

Ẹkún tí ọmọ náà kò sun lọ́jọ́ tó kúrò nílé, ọjọ́ náà ló sun ún. "Dádì, gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá sọ ló máa ń ṣẹ. Gbogbo ìjọ ló mọ̀. Ohùn yẹn gan-an lẹ fi sọ pé mi ò ní wúlò. Bí mo bá gé aṣọ tó bàjẹ́, màá ní ó ti ń ṣẹ nìyẹn. Bí èèyàn bá yìn mí, màá ní kò tíì mọ̀ ni."

Aríran mọ̀ pé òun ti dá ọgbẹ́ sí ọmọ náà lára. Kò mọ̀ pé òun ti fi orúkọ Ọlọ́run lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Bàbá kì í kúnlẹ̀ níwájú ọmọ. Òun náà mọ̀, ó sì kúnlẹ̀.

"Gbọ́ mi dáadáa. Ẹ̀mí kò sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ìbínú mi ló sọ ọ́, àti ojú tó ń tì mí lọ́dọ̀ àwọn àlejò. Mo yá ohùn Ọlọ́run fi sọ ọ̀rọ̀ ara mi, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni mo dá. Mo kó ọ̀rọ̀ náà jẹ lónìí. Kò ní gbòǹgbò. Dárí jì mí."

Ọmọ náà bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n jọ ń sunkún lórí aṣọ oníbàárà. Ẹ̀gbọ́n ló yọjú lẹ́nu ọ̀nà, òun náà ń nu imú. "Ó tó, dìde, orúnkún rẹ kì í ṣe tọmọdé mọ́. Mo ti bu oúnjẹ sílẹ̀ fún ọ."

Ní Ọjọ́ Ìsinmi, Pásítọ̀ pe ìyàwó Aríran síwájú, ó ní kó sọ ohun tó rí. Obìnrin náà tún gèlè ṣe. "Kò tíì pé o," ó ní. "Ọjọ́rú tó kọjá, mo kọrin. Àmọ́ ó ti dákẹ́ kí n tó dé ègbè." Ìjọ rẹ́rìn-ín títí. Nígbà náà ni Aríran dìde. Ó ní kì í ṣe gbogbo ohun tó ń jáde lẹ́nu òun ni ti Ọlọ́run, kí wọ́n máa dán an wò kí wọ́n tó gbé e mì. Ó ní ẹnikẹ́ni tí òun bá ti fi ohùn yẹn pa lára rí, kó wá bá òun.

Wọ́n wá, kò sì dùn. Akọrin kan wá sọ fún un bí ọ̀rọ̀ kan tó ju sílẹ̀ láìronú ṣe mú kí òun kọ ọmọbìnrin tí òun fẹ́ràn sílẹ̀. Aríran kò wí àwíjàre. Ó jókòó ti ọkùnrin náà, ó gbọ́ ọ tán, ó bẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun gbọ́ ohùn, àwọn àgbà ìjọ á kọ́kọ́ jókòó yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn kan ní ìsìn kò gbóná mọ́. Aríran kò padà sẹ́yìn. Ó ń jíṣẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan báyìí, bí ẹni tó gbé ẹyin lọ́wọ́.

Ọmọ náà kò kó padà sílé. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ni iṣẹ́ rẹ̀ ti gbèrú. Bàbá rẹ̀ kò sì bá a jà. Nígbà tí tábìlì parí, òun àti Jẹ́jẹ́ gbé e lọ, wọ́n làágùn kí wọ́n tó gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà. Pákó tó dán, igun rẹ̀ yípo kó má baà fa aṣọ ya. Ọmọ náà tẹ́ aṣọ sí i, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó na apá, ó tún na apá.

"Dádì," ó ní, "ó ga jù."

Jẹ́jẹ́ di ojú.

Aríran wo tábìlì náà, ó wo èjìká ọmọ rẹ̀. "Fi hàn mí, ibo ló yẹ kó mọ?"

Ọmọ náà fi ọwọ́ sí ìdí ìgúnpá. Bàbá yọ pẹ́ńsùlù lẹ́yìn etí, ó fà á síbẹ̀. Ó dojú tábìlì dé, ó jókòó sílẹ̀, ó fa ayùn yọ.

"Jẹ́jẹ́," ó ní, "lajú, kó o bá mi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú."